Koríko Tí Mo So fún Ọkọ̀ Òfuurufú

Mo kórìíra kí ènìyàn sọ fún mi pé ayé ti lu jára. Wọ́n á ní kò sí ibi tó jìn mọ́, pé ènìyàn á jẹun àárọ̀ ní Èkó, á sì jẹ ti alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo máa ń wo ẹni tó bá ń sọ ọ́ títí á fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, n ó wá bi í bóyá ó ti fìgbà kan dúró de ẹnì kan rí.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkọ̀lé. Jiọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń wọn ìrìn àjò lórí máàpù. A ó mú òwú dúdú, a ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ìlú kan, a ó fà á dé ìlú kejì, a ó wá gbé òwú náà sórí ìlà tó wà nísàlẹ̀ máàpù láti ka iye máìlì rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé kò sí ìṣirò púpọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọn Ìkọ̀lé sí Ọyẹ́ tán, tí wọ́n wọn Ìdó sí Adó, èmi náà á gbé máàpù àgbáyé kalẹ̀, n ó fa òwú láti Èkó dé Tòróńtò, n kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún máìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà ní ìparí òwú náà.

Àwa méjì ni ìyá mi bí tí a yè. Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí, èmi obìnrin ni mo tẹ̀ lé e. Bàbá wa kú ní kékeré wa, iṣu ni ìyá mi sì fi tọ́ wa dàgbà ní Ìtapàjí. Èmi kò ní máa pe ìyá mi ní "wọ́n" nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Àwọn ará Ọ̀yọ́ lè bínú sí mi, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, "ìwọ" la fi ń bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀, kò sì sí ìyá tó fi í ka ọmọ rẹ̀ sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà, "ìwọ" ni mò ń pè é nígbà tí a jọ ń gbé. Ìgbà tó lọ, tí ọdún ń gorí ọdún, ni mo ṣàdéédéé rí i pé mo ti ń fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀ ló lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ni, pé òun kò ní pẹ́. Ìyá mi sin ín dé ibùdókọ̀, ó padà wálé, ó jókòó ti ẹ̀gúsí tó ń pa, ó sì bi mí bí ibi tí ọmọ òun ń lọ ṣe jìn tó.

Mo gbé máàpù wá. Mo fa òwú fún un. Ó wo òwú náà láti ìdí dé orí, ó ní òwú kì í ṣe ọ̀nà. Ó wá béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀ gan-an.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ùlú ọ̀ún?"

Mo ní láti ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò dàgbà ní ìlú iṣu. Nígbà tí ìyá mi jẹ́ ìyàwó tuntun, ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ná ọ̀nà wa. Orí ni wọ́n fi ń ru iṣu láti Ìtapàjí lọ sí ọjà Ìkọ̀lé. Kò sí ẹni tó ń ka máìlì. Iye ìgbà tí ẹni tó ru ẹrù máa sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi ni wọ́n ń kà. Ìkọ̀lé jẹ́ ìsọkalẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún bí obìnrin bá lóyún. Ibi ìsọkalẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀ àti omi tirẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n débi pé bí ẹnì kan bá ní òun pàdé ẹnì kejì ní ìsọkalẹ̀ kẹta, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè ibẹ̀.

Mo ro ìrìn àjò ẹ̀gbọ́n mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, Lọ́ńdọ̀n ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, yóò dúró níbẹ̀ díẹ̀, yóò wọ òmíràn tí yóò gbé e ré òkun kọjá sí Tòróńtò. Mo sọ fún ìyá mi pé ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá, mo rí i lójú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré? A jẹ́ pé kò jìn. Ìkọ̀lé jìn jù ú lọ."

Mo ti rántí ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi sú mi. Nítorí pé bí ó bá jẹ́ pé mo sọ fún un pé ó jìn, pé òkun wà láàárín, pé òwú mi gùn ju tábìlì lọ, ì bá ti rí ohun tí yóò fi tu ara rẹ̀ nínú nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò wá. Ṣùgbọ́n ibi tí kò jìn ni mo gbé ọmọ rẹ̀ sí. Kérésì àkọ́kọ́ kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó tún ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá mi kò bínú, ó kàn ń ṣe kàyéfì ni. Ó máa ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Ní gbogbo ọdún tí wọ́n bá wa iṣu, ìyá mi á ṣa èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀. Ó ní uṣu ọmọ òun nìyẹn, òun ni wọn yóò fi gún iyán fún un lọ́jọ́ tó bá dé. Iṣu náà á wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí yóò fi hu èéhù, ìyá mi á wá gé e, á gbìn ín, yóò sì tún mú èyí tó tóbi jù nínú èyí tó bá ta sọ́tọ̀. Báyìí ni iṣu kan ṣe ń bí òmíràn nílé wa, tí wọ́n jọ ń retí ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ará àdúgbò á máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó ti ní oko iṣu ńlá nílé. Ìyá mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wa, inú ìlú kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn, àpáta kan tó wà lójú ọ̀nà dáàmù omi ni yóò gùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó ti bí ọmọ méjì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ohunkóhun ń dè é mọ́lẹ̀. Ó ní rárá, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ó rọrùn láti gbà á gbọ́.

Àìsàn tó pa ìyá mi bẹ̀rẹ̀ bí àìrígbẹ́yà. Kò lè jẹun, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ ń wú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tí agbára wọn ká. Níkẹyìn, dókítà kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kí n máa gbé e lọ sílé, kí ó wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ọkọ mi wa ọkọ̀ wa padà gba Ọyẹ́, a gba Ìlúpéjú kọjá. Ìyá mi ń wo àwọn oko ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sọ oko ẹni tí èpò ti bò. Mo ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀ láìjẹ́ kí ó gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo gun àpáta. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, n kò bò ó rárá. Ó sunkún. Ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí mo tún pè é, ó ní òun ti ra ìwé ọkọ̀, pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni òun yóò kúrò ní Tòróńtò, òun yóò dé Lọ́ńdọ̀n ní àárọ̀ Sátidé, òun yóò wọ ọkọ̀ alẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú yóò sì mọ́ bá òun ní Èkó. Mo fò sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta náà bí ọmọdé. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà.

Ìyá mi gbọ́, ó pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ bá òun so koríko ní oríta.

Ní kékeré wa, bí a bá pẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á mú koríko gígùn méjì láìfà wọ́n tu, á so wọ́n pọ̀ ní kókó. Koríko yẹn ni yóò di tíṣà lọ́wọ́ tí kò fi ní nà wá. Gbogbo ọmọ ìlú ló ń ṣe é. Àwọn àgbà náà ń ṣe é bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀ tí wọ́n ṣì wà lọ́nà oko. Wọ́n á so ó, wọ́n á ní kí oòrùn dúró de àwọn. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí o bá ti dé ibi tí ò ń lọ, kí o padà lọ tú u, ìwọ tí o so ó. Ohun tí a bá dá dúró tí a kò tú sílẹ̀, ìyà ni yóò máa jẹ.

Mo bi ìyá mi bóyá oòrùn ló fẹ́ kí n dá dúró. Ó ní oòrùn kọ́. Ó ní òun ni.

N kò fẹ́ lọ. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ayé ló ń yí tí oòrùn fi ń wọ̀. Mo tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ. Mo rán ìyá mi létí pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, pé kí ni àlùfáà yóò sọ. Ó ní Ọlọ́run ló dá koríko. Mo lọ sí oríta ibi tí ọ̀nà Ìkọ̀lé ti wọ ìlú, mo wò yí ká bóyá ẹnikẹ́ni ń wò mí, mo so ewé koríko bẹẹrẹ méjì pọ̀, mo sì fà á le dáadáa. Mo ní kí ìyá mi dúró de ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ ọ́ síta. Nígbà tí mo ń padà lọ sílé, ọkàn mi fúyẹ́, ojú sì ń tì mí pé ó fúyẹ́.

Ọjọ́ Sátidé yẹn ni ọjọ́ tó dára kẹ́yìn nínú ilé wa. Ọkọ mi ti mú ọkọ̀ lọ sí Èkó láti lọ dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi, máàpù wà lórí itan mi. Ìyá mi á sùn díẹ̀, á jí, á ní, "Ó dé ubo?" Mo sọ fún un pé ó ti ré òkun ńlá kọjá. Ó tún sùn, ó tún jí, mo sọ fún un pé ó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, ó ń sinmi. Ó ní ó dára, kí ó sinmi dáadáa, kí ó mu omi. Ó béèrè bóyá igi wà níbẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Mo ní ó wà. Ó mu ẹ̀kọ gbígbóná, èyí tí kò tíì mu láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní kí wọ́n gbé iṣu ọmọ òun jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òun rí i, a sì gbé e wá. Ó fọwọ́ pa á lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti tún gbé ẹrù, pé kò sí ìsọkalẹ̀ mìíràn mọ́, pé orí aṣálẹ̀ ni wọn yóò gbà, wọn yóò sì gba òkè Kánò wọlé wá. Mo fi òwú hàn án. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ pé òwú kì í ṣe ọ̀nà. Ó di ìdí òwú náà mú títí ó fi sùn lọ.

Nígbà tí agogo ìjọ ń lù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo wà lórí àpáta. Ìpè ọkọ mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní ọkọ̀ náà ti balẹ̀ láti ìdájí, gbogbo èrò ti jáde, àwọn tó ń gbálẹ̀ ló kù, òun kò rí i. Ó ní bóyá ọkọ̀ já a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n. Mo ní kí ó dúró, kí n pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nílé kí ó wò ó nínú ìwé wọn bóyá ọkọ̀ mìíràn ni.

Fóònù ilé wọn dún, ó dún, ó dún. Òru ló ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbé e. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo mọ ohùn yẹn láti ìgbà tí a ti jọ ń sùn lórí ẹní kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ilé lẹ wà?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ilé ni mo wà," ó ní.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá a lórí àpáta lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ìwé ìgbélùú. Láti ìgbà tí àyè tí wọ́n fún un láti fi kí ọ̀rẹ́ ti tán, inú ìbẹ̀rù ló ń gbé, ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Bí ó bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí ó wọlé mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kò ra ìwé ọkọ̀ kankan. Ó sọ gbogbo rẹ̀ kíákíá, bí ẹni pé ó ti ń kọ́ ọ sórí láti ọdún pípẹ́. Mo bi í kí ló dé tó fi ní òun ń bọ̀.

"Mo rò pé bí ó bá ń retí mi, kò ní lè kú," ó ní.

Òun náà ti so koríko tirẹ̀, ibi tó jìn ló ti so ó. Mo mọ èyí báyìí. Lọ́jọ́ yẹn n kò mọ nǹkan kan bí kò ṣe ìbínú.

"Kò lè kú lóòótọ́," mo ní. "Ẹ wá wo bí kò ṣe lè kú."

Mo pa fóònù. Mo jókòó sórí àpáta títí wọ́n fi kọ orin ìparí ìsìn nínú ìlú. Mo ń gbìyànjú láti ro irọ́ tí n ó pa. Mo lè ní ọkọ̀ já a sílẹ̀. Mo lè ní òjò dí ọ̀nà òfuurufú. Olùkọ́ ni mí, mo lè fi máàpù gbe irọ́ náà lẹ́sẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn lọ sílé, mo wọ yàrá ìyá mi. Ojú rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé.

Ó ní òun gbọ́ ẹsẹ̀ mi láti ìta. Ó ní ẹsẹ̀ ẹni tó ń mú ayọ̀ bọ̀ wá ulé kì í wọ́ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn.

"Ọmọ mi kò gbé ẹrù rárá, àbí?"

"Kò gbé e, Màámi."

Kò sunkún. Ì bá sàn fún mi kí ó sunkún. Ó kàn wo òkè àjà, ó sì bi mí bóyá ara ọmọ òun le. Mo ní ó le. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹun. Mo ní wọ́n ń jẹun. Ó wá ní kí n lọ tú koríko ọ̀ún.

Mo kọ̀. Mo sọ fún un pé koríko lásán ni, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ó jẹ́ kí n lọ po ẹ̀kọ fún un. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé mò ń purọ́. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló dé tí n kò lè lọ tú u? Èmi náà béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ ara mi ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò jẹ, kò mu. Ìrora náà dé, irú ìrora tí oògùn tí wọ́n fún wa kò ràn. Ó ń kérora láti àárọ̀, àwọn ìyá ìjọ tó wá gbàdúrà ń bo ojú wọn bí wọ́n bá ń jáde. Láàárín ìkérora, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún mi. Ọkọ mi ti padà dé láti Èkó. Ó gbọ́, ó ní kí n fi ọkàn ìyá mi balẹ̀, kí n lọ ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Mo bínú sí i. Mo bi í bóyá ìyá tirẹ̀ ni.

N kò ní ìyá mìíràn. Mo ti pàdánù ẹ̀gbọ́n lórí àpáta. Bí mo bá tún tú koríko yẹn, èmi nìkan ló kù nínú ilé wa. Ohun tí mò ń rò nìyẹn. Mo jẹ́ kí ìyá mi máa jẹ ìrora nítorí pé èmi ń bẹ̀rù àtidá wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn gbé ìka rẹ̀ kan sókè, ó nà án sí apá ibi tí oríta wà. Mo wọ bàtà, mo jáde. N kò wo bóyá ẹnikẹ́ni ń wò mí lọ́jọ́ yẹn.

Ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi kókó náà sílẹ̀. Ó ti gbẹ, ó ti le. Èékánná mi kò lè tú u. Mo kúnlẹ̀ sínú ìrì, mo fi eyín fà á, ewé rẹ̀ sì ya mí ní ètè. Àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí Ààyè dín eré kù láti wò mí, wọ́n sì kọjá. Nígbà tó tú, n kò gbàdúrà. Mo dìde, mo nu erùpẹ̀ orúnkún mi, mo sì ń lọ sílé díẹ̀díẹ̀. N kò sáré.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà. Mo yí padà, mo lọ jókòó sí ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu.

Ẹ má bi mí bóyá koríko ló dá a dúró. Mo ti bi ara mi tó, mo sì ti dáhùn ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kò sí èyí tó mú oorun wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó rán mi níṣẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ nínú ìrora kí n tó jẹ́ ẹ.

A kò gbé òkú rẹ̀ pa mọ́ láti máa retí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí a fẹ́ retí. Ní ọ̀dọ̀ wa, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lára. Àlùfáà dúró díẹ̀ ní etí sàréè, gbogbo ènìyàn sì wo ilẹ̀, títí ó fi mi orí sí mi. Mo bu ti ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn náà mo bu tèmi. Iṣu ọmọ rẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò gún fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n bu fún èmi náà. Iyán náà dára, ó funfun, kò sí kókó nínú rẹ̀, n kò sì lè gbé òkèlè kejì mì.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí nígbà tí mo tún gun àpáta. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́, ọkọ mi ló ti sọ fún un. Ó sunkún títí, èmi sì ń gbọ́ ọ. Gbogbo ohun burúkú tí mo ti kó jọ sẹ́nu láti sọ fún un, n kò rí ọ̀kankan mọ́. Ó bi mí bóyá ìyá wa sọ nǹkan kan nípa òun. Mo ní ó béèrè bóyá ara rẹ̀ le, bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹun. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ọ̀nà ló jìn, àbúrò mi," ó ní. "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà ló jìn."

Mo fẹ́ gbà fún un. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ gbà fún un. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti wọ̀n ọ́n, kò sì sí láyé mọ́ tí yóò fi tún un wọ̀n.

"Kò jìn," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀."

Láti ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ohùn ọmọdé kan tó ń pè é ní èdè òyìnbó pé kó wá jẹun, pé oúnjẹ ti ń tutù. N kò tíì gbọ́ ohùn ọmọ náà rí. Mo ní kí ó lọ jẹun.